Férémù òwe tí wọ́n ń tẹ̀ ní Wuse, Abùjá: ẹ yẹ àmì rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Férémù òwe dára púpọ̀ fún ẹ̀bùn ìṣílé, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe é lágbègbè Wuse sì ń wù mí: igi etí rẹ̀ le, gíláàsì rẹ̀ mọ́ kedere. Àmọ́ ìdí àmì ohùn ni wọ́n ti ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. "Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀": bí e kan bá jábọ́, tí àmì sì yí, eérú ti di èrú nìyẹn. Ohun tó ń fà á ni pé oníkọ̀ǹpútà máa ń tún òwe náà tẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí irú lẹ́tà tó lò má lè gbé àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pa pọ̀. Níbi tó yẹ kí "ẹ̀" wà, àpótí òfìfo ló máa hàn. Ẹ fi irú lẹ́tà tó ń jẹ́ Noto Sans tàbí Charis SIL tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, kẹ́ ẹ fi fáìlì PDF ránṣẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan sórí bébà lásán, kẹ́ ẹ kà á sókè.

Bébà A4 gba "Ìwà rere lẹ̀ṣọ́ ènìyàn" dáadáa. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé" ń fẹ́ A3 tó tóbi jù ú lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́tà á há mọ́ra. Òwe yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ọ́fíìsì, pàápàá ti ẹni tí owó ìlú wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Kí wọ́n fi téépù dí ẹ̀yìn rẹ̀ yí ká, kí eruku ọyẹ́ má baà wọ abẹ́ gíláàsì. Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń pa á. Yíǹkì á ṣá.