Áàpù tó ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀: ohun tójú wa rí láàárín oṣù 14

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ mi fi áàpù yìí sọ fún mi, "mi ò fẹ́" ni. Inú ilé ìwẹ̀ la wà, mo fẹ́ da omi lé e lórí kí n fi ṣan ọṣẹ kúrò nínú irun ẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló bá na ọwọ́ tó tutù yẹn síta, ó fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà ní igun òkè, mo gbọ́ "Mi ò fẹ́." Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ike omi sílẹ̀. Ó wo ike, ó wo ojú mi, ó tún wo ike, bí ẹni tí kò gbà á gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tóun sọ ló dá omi dúró. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà yẹn o, kò sì tíì sọ fún mi rí pé òun ò fẹ́ nǹkan láìjẹ́ pé ó bú sẹ́kún tàbí kó máa forí gbá ògiri.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, ó máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á. Mi ò ní dárúkọ áàpù náà, irú ẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kún fún àwòrán kéékèèké, ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, áàpù á pè é síta. AAC ni wọ́n ń pe gbogbo ọ̀nà téèyàn fi ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ láìfi ẹnu sọ ọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé a pẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí dókítà sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni, ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, ó sì lè mú kí ọ̀rọ̀ sísọ nira, gbogbo èèyàn tó bá sì gbọ́ pé a fẹ́ ra áàpù ló ń sọ pé tá a bá gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́ ẹnu ẹ̀ á ya ọ̀lẹ, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ọdún 2 gbáko. Ìgbà tá a wá rí speech therapist tuntun, ìyẹn ẹni tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ, òun ló ṣàlàyé ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fún mi, ti Millar, Light àti Schlosser, wọ́n wo àwọn tí ìdàgbàsókè wọn níṣòro tí wọ́n ń lo AAC, nínú àwọn 27 tí ẹ̀rí tiwọn dúró dáadáa jù kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ dín kù, ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn pọ̀ sí i, bó tiẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Mo sunkún níbẹ̀. Kì í ṣe ayọ̀, ọdún 2 yẹn ni mò ń sunkún sí.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tá a ti kọ́kọ́ ṣì í, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ òbí á ti sọ pé áàpù ò ṣiṣẹ́ tí wọ́n á sì pa á tì. Gbogbo ohun tó fẹ́ràn la kó sójú ìwé àkọ́kọ́: bọ́ọ̀lù, kàtúùnù, ọkọ̀, jàǹgìlọ́fà. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé á tẹ "kàtúùnù" lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì títí dé ogójì, kò sì sí ọ̀rọ̀ míì. Speech therapist bi mí pé, "Mà, nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ ti sọ láti àárọ̀, mélòó ló jẹ́ orúkọ nǹkan?" Mo ro ó wò. Wá, lọ, dúró, ó tó, tún un ṣe, fún mi, kí nìyẹn, rárá, ràn mí lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí la fi ń gbé ilé ayé, àwọn gan-an ló sì yẹ kó wà lójú ìwé àkọ́kọ́, kí bọ́ọ̀lù àti kàtúùnù wà ní inú.

Ìkejì, ó ní èmi ni kí n kọ́kọ́ máa fi áàpù sọ̀rọ̀. Kì í ṣe kí n di ọmọ lọ́wọ́ mú kí n sọ pé "tẹ ibí", rárá o. Tí mo bá fẹ́ sọ pé ká lọ, mo sọ ọ́ lẹ́nu, mo sì tẹ "lọ", kó máa wò mí. Ọmọ jòjòló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa fún bí ọdún kan kó tó sọ ẹyọ kan, kí ló wá dé tá a fi ń retí pé ọjọ́ tá a gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fọ́mọ ló máa fi sọ̀rọ̀? Ọ̀sẹ̀ 7 ni mo fi dá nìkan ń tẹ bọ́tìnnì nínú ilé yìí bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, bàbá ẹ̀ náà bá mi dá sí i lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ti ilé ìwẹ̀ yẹn ṣẹlẹ̀.

Ohùn wá ńkọ́. Kò sí ohùn Yorùbá kankan nínú áàpù tiwa. Ohùn òyìnbó ló wà níbẹ̀, mo tẹ "ọkọ̀" sí i kó bá mi kà á, ohun tó kà jáde kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe ọkọ́, kì í ṣe ọkọ, gbogbo àmì ohùn ló lọ. Àmọ́ ó gbà kéèyàn gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀ sórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún 9 ni. Tí mo bá ní kí n sọ òótọ́, ọmọ yẹn ti ń dá wà nínú ilé wa tipẹ́, gbogbo agbára wa lọ sọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀, òun náà sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ kó má baà di wàhálà kún wàhálà fún wa. Ó ní òun lòun máa gba ohùn sílẹ̀ torí pé ohùn ọmọdé ló yẹ kí ọmọdé máa fi sọ̀rọ̀. Alaalẹ́ la jọ ń tilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, èmi àti òun nìkan, ọ̀rọ̀ 20, ọ̀rọ̀ 30, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á ní ká pa á rẹ́ ká tún un gbà. Lóòótọ́, èmi ò tíì bá ọmọ yẹn jókòó tó bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún 3.

Oṣù kẹfà tá a bẹ̀rẹ̀ ni ti etí. Ó jí láàárọ̀, ó tẹ "etí", ó tẹ "ń dùn mí". Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n wo inú ẹ̀, ó ti pọ́n, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ó ti ṣe irú ẹ̀ rí lọ́dún tó ṣáájú, ọjọ́ 3 ló fi ń lu ẹ̀gbẹ́ orí ara ẹ̀, a ní ìwàkiwà ni, a tiẹ̀ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀ torí ẹ̀. Mi ò tíì lè ronú kan èyí kí ara mi má bù máṣọ.

Àléébù ẹ̀ wà o. Wọ́n ṣe update kan, gbogbo bọ́tìnnì yí ipò padà, ìka ọmọ ló sì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, bí tiwa ṣe mọ ibi tí lẹ́tà wà lórí fóònù láìwò ó. Ọjọ́ 2 ló fi sunkún. A kọ̀wé sí wọn, ó di ọjọ́ kẹsàn-án kí wọ́n tó fèsì. Nítorí náà, ẹ pa update tó ń dá ṣe ara ẹ̀ yẹn, ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ohùn tẹ́ ẹ bá gbà pa mọ́ síbòmíì, ẹ tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ sórí bébà torí ọjọ́ tí bátìrì bá kú. Ẹ tún ti tábúlẹ́ẹ̀tì pa sórí áàpù yẹn nìkan, lórí iPad wọ́n ń pè é ní Guided Access, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa di ẹ̀rọ YouTube. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ láti fi jẹ ẹ́ níyà. Olùkọ́ kan ti tábúlẹ́ẹ̀tì náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù rí nítorí pé ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ jù, ẹnu ọmọ ló bò yẹn.

Ọ̀rọ̀ tèmi fúnra mi náà wà níbẹ̀. Mo ti ń gbé ìbànújẹ́ rìn kí áàpù yìí tó dé, mi kì í sùn, mo gbà pé èmi ni mo fà á. Àṣé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹrù yìí ru ìyá. Dókítà Leo Kanner tó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 àkọ́kọ́ tó ní ọ́tísíìmù ní 1943 sọ pé ìfẹ́ àwọn òbí wọn tutù, òǹkọ̀wé kan, Bruno Bettelheim, sì gbé ọ̀rọ̀ náà kiri pé àwọn ìyá ló fà á, ó di 1964 kí Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí òun náà bí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, tó kọ̀wé já irọ́ yẹn. Áàpù mú kí n jáwọ́ nínú kí n máa méfò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ kò wo ìbànújẹ́ mi sàn. Dókítà tèmi àti oògùn ló ṣe ìyẹn, kẹ́ ẹ má lọ ra tábúlẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ rò pé ẹ ti tọ́jú ara yín.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un, ti update yẹn ló gbé ọ̀kan lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá bàbá ẹ̀ ní kóun náà gba ohùn tòun sílẹ̀ torí pé ọkùnrin ni, kò ní máa fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀ títí. Ó gba "mi ò fẹ́" sílẹ̀, ó gbé e fún un. Ọkọ mi kékeré tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ ọ, ó dákẹ́. Ó wá wá bọ́tìnnì "rárá" kàn, ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a sì dá ohùn àtijọ́ padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.