Ṣọ́ọ̀bù tí ó bá wa gba ohùn Ìyá wa padà ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́

Kásẹ́ẹ̀tì méjì, fọ́tò 77 àti ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi kan ni mo kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní agbègbè Tákíè ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Inú àpótí páànù tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni wọ́n wà, nínú yàrá tí ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn rẹ̀ tán. Ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń tẹ ìwé, ó sì ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi iṣẹ́ mìíràn kún un: ó ń kó ohun tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì àti fọ́tò àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. N óò sọ ohun tí ó ṣe dáadáa, n óò sì sọ ibi tí ó kù sí, nítorí mo mọ̀ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ agboolé ní ìlú yìí.

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó gbé mi débẹ̀. Ìyá tí ó bí bàbá mi ni ó ń ki bàbá mi nínú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ṣí ilé wa. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ojú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo yá rẹ́kọ́dà láti gbọ́ ọ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ohùn náà ń fà, ó ń lọ sókè sódò, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. A fi bíìrò yí i padà bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, kò sọ̀rọ̀ mọ́, a sì gbà pé ó ti bàjẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ṣọ́ọ̀bù yìí kò fi í sínú ẹ̀rọ kankan. Ó tú sukúrù márùn-ún tí ó mú ike rẹ̀, ó ṣí i bí ẹni ṣí obì, ó sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn mí. Ìrọ̀rí kékeré kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, tí kò tó èékánná ọmọdé, tí ó ń ti téèpù mọ́ irin tí ń kà á. Gọ́ọ̀mù tí ó mú ìrọ̀rí náà ti gbẹ, ó sì ti já bọ́. Téèpù fúnra rẹ̀ kò ní àrùn kankan.

Ó yọ ìrọ̀rí mìíràn láti inú kásẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò mọ́, ó fi rọ́pò rẹ̀. Ó fi òwú àti sípírítì nu ẹ́ẹ̀dì rẹ́kọ́dà, irin tí ń ka téèpù, ó wá rọra yí téèpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún yí i padà, láìjẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí ibi tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ra lè tú. Kí ó tó tẹ̀ ẹ́ rárá, ó kán àwọn ike kékeré méjì tí ó wà ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè gba ohùn mìíràn lé e mọ́. Ọ̀pọ̀ ohùn àgbà ni orin ti bò mọ́lẹ̀ nínú ilé wa nítorí pé a kò mọ iṣẹ́ ike méjì yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, wọ́n dé orí oríkì agboolé wa, wọ́n sì ń lọ láìmí, ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa lónìí tí ó lè kọjá ìlà kẹta. Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn wọn. Bàbá mi, tí kò tíì tó ọjọ́ orí tí mo wà yìí, wúkọ́, ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Mo gbé orí lé tábìlì ọmọ náà, mo sunkún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni ó gbà lórí kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ó sì fún mi ní ẹ̀dà méjì: WAV, tí kì í gé ohunkóhun kúrò nínú ohùn, àti MP3 tí ó fúyẹ́ tó láti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ rí i pé ẹ gba WAV náà, nítorí ohun tí MP3 bá ti gé kúrò kì í padà.

Ní ti fọ́tò, ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Ó gbé ọ̀kan, ó ní, “Mà, ta ni èyí?” N kò mọ̀. Ó gbé èkejì, n kò mọ̀. Ó bá kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpò ìwé, ó ní kí n lọ mú ẹni tí ó mọ̀ wọ́n wá, nítorí fọ́tò tí kò ní orúkọ yóò di ti àjèjì nígbà tí àwọn ọmọ mi bá dàgbà. Mo padà wá ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Mọ̀mí àgbà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Tamale ní Gánà ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí àwọn ènìyàn wa ti pọ̀ tó nídìí òwò ní àríwá Gánà kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ gbé nìkan ni wọ́n kó bọ̀. Mọ̀mí àgbà fi ìka tọ́ wọn láti ọ̀tún sí òsì, orúkọ ń já geere, títí ìka fi dúró lórí obìnrin kan tí ó gbé igbá dání. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. “Èyí ló bá mi pọn ọmọ títí a fi dé ilé.” A kò gbọ́ ọ rí. Ọmọ náà fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ orúkọ sí etí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó ní tàdáwà bíìrò máa ń là kọjá sí iwájú, orúkọ, ìlú àti ọdún yẹn kan náà ni ó sì fi pe fọ́tò nínú kọ̀ǹpútà.

Àṣìṣe tí ó ṣe kò kéré o. Ó fi ètò tí ó ń fi dán ojú oníbàárà pásípọ́ọ̀tù dán àwọn fọ́tò wa pẹ̀lú, nígbà tí mo sì wo ojú bàbá àgbà, gọ̀ǹbọ́ tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti pòórá! Kọ̀ǹpútà ti ka ilà ojú sí àbàwọ́n. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí ilà yẹn gan-an ni ẹni tí yóò wá wá ìdílé rẹ̀ lọ́la yóò fi mọ̀ wọ́n. Ó tọrọ àforíjì, ó sì ní èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn nípamọ́, òun ni mo gbà. Ẹ béèrè fún èyí tí a kò tún ṣe kí ẹ tó san owó. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé 600 dpi (iye àmì tí ẹ̀rọ ń kà nínú ínṣì kan) ni ẹ fẹ́ fún fọ́tò kéékèèké. 300 tí ó máa ń lò tó fún ìwé, ṣùgbọ́n fọ́tò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ yóò fọ́jú bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di ńlá.

Ó tún fẹ́ bá mi lamínéètì ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi náà. Mo kọ̀. Ibòmíràn ni a ti lamínéètì ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé bàbá mi láyé ọjọ́un. Iná ẹ̀rọ ti yọ́ gọ́ọ̀mù wọ inú ìwé, ìwé ti pọ́n nínú ike, kò sì sí bí a ṣe lè bọ́ ọ kí ó má ya. Àpò ìwé tí ó mọ́, níbi tí ó gbẹ tí kò sì gbóná, ni ìwé àtijọ́ ń fẹ́.

Inú fláàṣì kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo iṣẹ́ náà sí. Èyí ni ó dẹ́rù bà mí jù, nítorí mo rántí Àlùfáà Samuel Johnson, ní Ọ̀yọ́ nítòsí wa níbí, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, tí ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé náà sì sọnù lọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901 láìrí i. Àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ, kí ó tó jáde ní 1921. Èmi ti fi ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà mi, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìbàdàn, mo sì fi ìkẹta sórí Google Drive.

Igba náírà ni fọ́tò kan, n óò sì tún san án. Fún kásẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ láìṣiyèméjì. Fún fọ́tò, ẹ mú àgbà dání, kí ẹ sì tètè dé kí èrò pásípọ́ọ̀tù tó pọ̀. Fọ́tò mẹ́rin ni Mọ̀mí àgbà kò dá mọ̀. Mo fi wọ́n sórí WhatsApp agboolé, àwọn kan láti Ìlọrin sì ti pe orúkọ méjì. Kásẹ́ẹ̀tì kejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Téèpù rẹ̀ já ní ibi méjì, ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.