A321XLR, bàálù kékeré tó gbé mi sọdá òkun

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ ẹ kú ilé o. Láti ìgbà tí mo ti dé ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni A321XLR, bàálù iléeṣẹ́ Airbus tí mo wọ̀ lọ Amẹ́ríkà, kéré, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí n lè sinmi.

Ó kéré o. Síìtì mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lósì, ọ̀nà kan ṣoṣo láàárín, àfi bí èyí tó ń gbé èèyàn lọ Àbújá láti Èkó. Nígbà tí mo rí i ní géètì ní Yúróòpù tí mo ti fẹ́ pààrọ̀ bàálù, àyà mi já, mo pe àbúrò mi tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, epo wà níkùn ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ṣé ẹ ti wọ mọ́tò ní gáréèjì wa lásìkò tí epo wọ́n rí, tí dírẹ́bà á ki kẹ́ẹ̀gì epo sí búùtù tí kò ní sáyè fún ẹrù yín mọ́? Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí irú bàálù yìí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, táǹkì kéékèèké ni wọ́n ń tò síbi ẹrù lábẹ́, ọ̀kan á gbà bíi lítà 3,000, bí wọ́n ṣe ń fi kún un ni ààyè ẹrù ń dín. A321LR tó ṣáájú ń fi ìyẹn rin 7,400 kìlómítà. Ti XLR yàtọ̀, ara bàálù gan-an ni wọ́n sọ di táǹkì, lẹ́yìn ibi tí táyà ń ká wọ̀, lítà 12,900! Epo táǹkì mẹ́rin nínú ààyè táǹkì méjì, ẹni tó ro ìyẹn gbọ́n jàre. Ó wá di 8,700 kìlómítà. Àmọ́ epo wúwo, bó bá kún tán ó lè tó tọ́ọ̀nù 101 kó tó gbéra, wọ́n ní láti mú ẹsẹ̀ ẹ̀ le si. EASA tó ń ṣọ́ ààbò bàálù ní Yúróòpù sì fi dandan lé e pé kí wọ́n bo táǹkì yẹn dáadáa lọ́wọ́ iná, oṣù keje 2024 ni wọ́n tó buwọ́ lù ú. Orí ẹ̀ ni mo jókòó sí o, mo rántí, mo gbàdúrà.

British Airways ti gbìyànjú irú ẹ̀ rí láti 2009 di 2020 pẹ̀lú A318, bàálù Airbus tó tún kéré sí i, síìtì 32 péré, láti pápákọ̀ òfurufú London City sí New York. Bó bá ń lọ, ó ní láti balẹ̀ ní Shannon ní Ireland kó ra epo, torí ojú ọ̀nà London City kúrú, kò lè fi epo kíkún gbéra níbẹ̀. Bó bá ń bọ̀ ló ń bọ̀ taara.

Ibi tó dun mi: tọ́yílẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ni bàálù tí mo wọ̀ (mi ò ní dárúkọ wọn) ṣahun tọ́yílẹ́ẹ̀tì fún àwa ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti ti tùrọ́lì oúnjẹ jáde báyìí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kò síwájú kò sẹ́yìn, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọbìnrin tó ń pín búrẹ́dì. Oúnjẹ ọ̀hún náà, ẹni tó bá jẹ iyán kó tó kúrò nílé kò ní mọ̀ pé òun jẹun.

Àmọ́ kò pariwo, èrò ò pọ̀, a sọ̀kalẹ̀ kíá, ẹrù mi jáde kí n tó rí àbúrò mi. Ìlú tó ń gbé kò tóbi tó èyí tí bàálù ńlá á kún lọ síbẹ̀, bí kì í bá ṣe irú èyí ni, ǹ bá tún pààrọ̀ bàálù lẹ́ẹ̀kan si.

Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ọ́jà Ọba ní ṣé kò lè gbé wa láti Èkó taara ni. Lórí ìwé, ó lè ṣe é, Èkó sí New York ò ju bíi 8,400 kìlómítà. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún, láti ìwọ̀ oòrùn ló sábà ń fẹ́, ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà ń kọjú sí i ni, epo sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú táǹkì nígbà tí wọ́n bá balẹ̀. Ẹ wá fi èrò kún un, ẹ fi èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí wa lé e, mi ò rò ó. London ni kò ní wàhálà fún un, bíi 5,000.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yan síìtì, ẹ̀bá ọ̀nà ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi fèrèsé sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.