Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ ojú irin kékeré "tó ń rìn lórí gbogbo réèlì"

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, Kétu àti Àjàṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ka èyí tán ná. 118 000 fàràǹkì ni mo fi kọ́gbọ́n.

N kò ní dárúkọ ọkùnrin náà, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Kútọnú ló wà, ó ń ta ọjà tòkunbọ̀ tó ń bọ́ láti inú kọ̀nténà, "ẹ̀gbọ́n mi àtàtà" ló sì ń pe gbogbo oníbàárà títí owó á fi wọlé. Kì í jẹ́ kí ènìyàn wá wo ọjà. Fídíò ló máa ń fi ránṣẹ́.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní gáà Ṣábẹ̀ẹ́ láyé ìgbà tí ọkọ̀ èrò ṣì ń gba ibẹ̀ lọ sí Parakou. Òun ni mo ń kọ́ gáà náà fún sórí tábìlì, pẹ̀lú àwọn òkè wa tí mo fi páálí àti bébà rírẹ mọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé réèlì tiwa, 438 kìlómítà láti Kútọnú dé Parakou, mítà kan péré ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ní ìwọ̀n HO, tí a ti ń pín ohun gbogbo sí ọ̀nà 87, mìlímítà 12 ni ìyẹn yóò jẹ́, HOm ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n HOm wọ́n bí ojú. Mo ní kí n ṣe HO lásán, tí tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. Mo sọ fún ara mi pé bàbá mi ò ní gbé rúlà. (Ó gbé rúlà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Mo ra orí ọkọ̀ kan ní 65 000, tíránsífọ́mà ní 23 000, àti réèlì 30 000. Nínú fídíò, lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sí, orí ọkọ̀ náà ń sáré bí ọmọ tí wọ́n rán ní àkàrà. Ọjà bá bọ́ọ̀sì Parakou wá. Mo gbé orí ọkọ̀ sórí réèlì tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, mo yí iná sí i díẹ̀, iná ẹ̀rọ mi tó ń fún réèlì ní iná kú pi. Mo gbé e kúrò, iná padà. Mo tún gbé e lé e, ó tún kú.

Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Lápá ọ̀tún tábìlì mi, réèlì yípo ó tún padà wọnú ara rẹ̀, ẹni tó ń lo onírin méjì (réèlì tí irin ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ń gbé iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) sì mọ̀ pé irú ibẹ̀ máa ń so irin ọ̀tún mọ́ ti òsì tí a kò bá gé e sọ́tọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú u. Mo fi ọtí 90 ilé oògùn nu irin, nítorí eruku ọyẹ́ ò kéré níbí. Aládùúgbò mi ní sódabì náà á ṣe é, mo ní kó gbé e wá, a mu ún.

Ọjọ́ kẹrin ni mo dojú orí ọkọ̀ náà dé. Láàárín ikùn rẹ̀, àmì dúdú kan wà tó ń dán ju ibi yòókù lọ. Mo fi èékánná ha á: gọ̀ọ́mù ni, wọ́n kun ọ̀dà lé e. Ihò sikúrù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fi tẹ́sítà kan ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì, ó ké píì: iná ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

Ohun tó túmọ̀ sí nìyí. Lórí réèlì tèmi, iná kan ń gba irin ọ̀tún, èkejì ń gba òsì, nítorí náà ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ bá ara wọn pàdé. Ọkọ̀ Märklin, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní HO. Irin rẹ̀ méjèèjì ń gbé iná kan náà, èkejì wà nínú àwọn orí ìṣó kéékèèké tó tò sáàárín, tí ahọ́n irin gígùn kan lábẹ́ ikùn ọkọ̀ ń wọ́ lé lórí. Ọkọ̀ tó dáa ni, lórí réèlì tirẹ̀. Ọkùnrin yìí tú ahọ́n náà kúrò, ó dí ihò rẹ̀, ó tà á fún mi gẹ́gẹ́ bí onírin méjì. Mo padà lọ wo fídíò rẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́ sí i: àwọn orí ìṣó náà wà níbẹ̀, wọ́n ń tàn láàárín réèlì. Ojú mi ló ti ń wo ọkọ̀.

Tíránsífọ́mà ló bí mi nínú jù, nítorí ọmọ kékeré wà nílé mi. Ọkùnrin náà ti fi nǹkan ha gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára tíránsífọ́mà náà kúrò. Mọ́tò tèmi ń fẹ́ 12 fóltì DC, irú iná bátìrì. Tẹ́sítà ní 16 fóltì AC, irú iná ara ògiri, ló ń jáde. Èyí tó burú jù ni pé rọ́bà wáyà tó ń lọ sí ara ògiri ń ya bí èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ tí mo bá tẹ̀ ẹ́, bàbà sì ń yọjú. 220 fóltì ló ń gba ibẹ̀! Mo gé e dànù lọ́jọ́ náà.

Ní ti réèlì, ó ní "irin fàdákà" ni, ìyẹn ló fi lé owó sí i. Kò sí fàdákà kankan nínú ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni. Òòfà kì í sì í gbé e. Tèmi, òòfà gbé e fíìrì. Irin lásán ni, ó sì ti ń dípẹtà.

Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ rà, ẹ ní kó dojú ọkọ̀ dé nínú fídíò, kó fi tẹ́sítà kan ẹsẹ̀ méjèèjì lójú yín. Tó bá ní òun ò ní tẹ́sítà, ẹ má sanwó. Ẹ sì wo réèlì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ dáadáa.

Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní "ẹ̀gbọ́n, ọjà tòkunbọ̀ ò ní ìdápadà," ó sì dí nọ́ńbà mi pa. Lánàá, ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní ṣé kí òun san 80 000. Aṣọ tábìlì pupa yẹn náà ni, àwọn orí ìṣó yẹn náà ni. Ọkọ̀ inú fídíò náà wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, bí mo ṣe ń kọ èyí.