Ẹja Ẹ̀pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Shopify tàbí Paystack Storefront?

Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Shopify, ìkànnì tí èèyàn fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kánádà ní 2006, dára púpọ̀ fún kíka ọjà tó kù nílẹ̀, ṣùgbọ́n dọ́là ni owó oṣù rẹ̀, Shopify Payments, ọ̀nà tí Shopify fúnra rẹ̀ fi ń gba owó oníbàárà, kò sì sí fún oníṣòwò Nàìjíríà; ẹni tó bá so Paystack, iléeṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́ ètò Basic ti Shopify yóò san ìdá 2 nínú 100 owó ọjà kọ̀ọ̀kan fún Shopify, yàtọ̀ sí ìdá 1.5 àti ₦100 ti Paystack. Lórí páálí ẹja àrọ̀ ₦20,000, ₦800 ti lọ kí n tó san owó ọ̀kadà! Storefront, ojú ìwé ìtajà ti Paystack fúnra rẹ̀, kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, àmọ́ kò gba owó oṣù, àwòrán ẹja àti iye rẹ̀ sì ni àwọn oníbàárà mi ń wò. Òun ni mo mú.