Library ìtẹ̀ rìsíìtì: lórí Linux ó dùn, lórí Windows ẹ mú sùúrù dání

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta library yìí (àkójọ code tí èèyàn ń fi kún app rẹ̀ kó lè tẹ rìsíìtì), àmọ́ ẹni tó bá ń kọ app fún ṣọ́ọ̀bù á ti mọ irú rẹ̀. Lórí Linux, GCC (compiler, ìyẹn ohun tó ń sọ code di app) compile rẹ̀ láìkìlọ̀ ohunkóhun, inú mi sì dùn sí owó tí mo san. Àfi ìgbà tí oníbàárà mi ní Windows lòun ń lò.

Bí mo ṣe tẹ Build nínú Visual Studio, irinṣẹ́ Microsoft tí mo fi ń kọ app Windows, error C2589 ló yọ: `(` kò gbọdọ̀ wà lápá ọ̀tún `::`. Ìlà tó ń tọ́ka sí ni `std::numeric_limits<int>::max()`. Nọ́ńbà tó tóbi jù tí `int` lè gbà ló kàn ń béèrè. Kí ló burú níbẹ̀? Mo tẹjú mọ́ `(` yẹn títí ojú fi ń ta mí.

Mo kàn sí wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní kí n pa antivirus, kí n tún Visual Studio gbé sórí kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi àwòrán error náà ránṣẹ́. Èsì rẹ̀: "Ẹ ṣé sà. Ṣé ẹ ti pa antivirus?" Orí mi gbóná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dá owó mi padà.

Lẹ́tà yẹn ò tíì parí tí ọmọbìnrin kan lára àwọn tó ń kọ library náà gan-an fi pè mí. "Ẹ má bínú sà, ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ẹ fi `/DNOMINMAX` kún flag yín, àwọn àṣẹ tí ẹ ń fún compiler." Ó ní header àwọn (fáìlì tí app fi ń mọ ohun tó wà nínú library) ń fa windows.h, header ti Windows fúnra rẹ̀, wọlé, windows.h sì ti sọ `min` àti `max` di macro, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ń fi code mìíràn rọ́pò kí compile tó bẹ̀rẹ̀; preprocessor tó ń ṣe ìrọ́pò náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ `std::`, ó kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá rí. Mo fi í sí i, ó compile wẹ́rẹ́.

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ o. Ó ní, "Ṣé Yorùbá wà lórí rìsíìtì yín?" Ó wà. `L"Ẹ ṣeun"` ni mo kọ, "áº¸ á¹£eun" ló jáde. GCC máa ń ka fáìlì bí UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba gbogbo èdè), àmọ́ tí fáìlì ò bá ní BOM, àmì ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì tó ń sọ pé UTF-8 ni, code page Windows (tábìlì lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà náà ń lò) ni compiler Microsoft fi ń kà á. Flag `/utf-8` ló tún un ṣe. Ta ló ń bi oníbàárà nírú ìbéèrè yẹn láyé ìsinsìnyí? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ súre fún un.

Ìgbà tó kan linker, ohun tó ń so code mi pọ̀ mọ́ library, ni error LNK2038 tún dé: `/MT` (runtime C++ wọnú app) ni wọ́n fi compile .lib, fáìlì library tí wọ́n ń tà, `/MD` (runtime wà nínú DLL lọ́tọ̀) ni tèmi, méjèèjì ò sì bára mu. Ọmọbìnrin yìí kan náà ló fi ti `/MD` ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ti `/MD` yẹn kò sí lórí ojúùwé wọn, wọn ò sì dárúkọ NOMINMAX nínú ìwé ìlànà wọn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣírí rárá. Kí ni windows.h tiẹ̀ ń wá nínú header tí wọ́n ń kó fún oníbàárà? Inú .cpp, fáìlì code tiwọn tí oníbàárà kì í fọwọ́ kàn, ló yẹ kó mọ.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti sanwó ọdún tó ń bọ̀.