Ẹ̀rọ XRF alágbèéká: iyẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀, kì í ṣe omi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa ẹ̀rọ tí mo fi ń wá òjé àti àsẹ́nìkì tó jẹ́ májèlé kiri níbi tí wọ́n ti wa kùsà, òun nìyí o, XRF alágbèéká, èyí tó rí bí ìbọn yẹn. Ẹ gbé ẹnu ẹ̀ lé iyẹ̀pẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, á yin X-ray wọlé, láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì ẹ ti rí iye òjé, síńkì, kọ́pà àti irin tó wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mi ò parọ́. Ká kó iyẹ̀pẹ̀ lọ sí lábù ká wá máa retí, kí rìsọ́ọ̀tì tó dé a ti kúrò níbẹ̀, ta ló fẹ́ padà lọ? Pẹ̀lú eléyìí, tí òjé bá ń lọ sókè bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti fọ góòlù kúrò nínú ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀, ẹ ó kàn máa tọ̀ ọ́ lọ ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àsẹ́nìkì yẹn, ẹ fọkàn sí i. Agbára X-ray tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń dá padà ni ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀, keV ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ti àsẹ́nìkì jẹ́ nǹkan bíi 10.5 keV, ibẹ̀ gan-an lòjé náà sì ti ń yọjú, torí náà tí òjé bá pọ̀, iye àsẹ́nìkì tó bá pè, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ẹni tó tà á fún wa ò mẹ́nu ba èyí rárá, ọ̀rọ̀ dídùn ló ń sọ. Iyẹ̀pẹ̀ tútù náà máa ń jẹ́ kó pe iye tó kéré, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ ọ́ (tó bá jẹ́ mákúrì lẹ ń wá, ẹ má gbé e sínú ààrò o, mákúrì á bá ooru lọ).

Ẹ̀yin tí omi kànga àti odò ni tiyín, ẹ má nawó sí i. WHO ní kí àsẹ́nìkì inú omi mímu má kọjá 10 máíkírógíráàmù nínú lítà kan, ojú ẹ̀rọ yìí ò lè tó o, ẹ̀rọ lábù bíi ICP-MS, tó ń rí ìwọ̀n tó kéré gan-an, ló lè ṣe é. Lórí iyẹ̀pẹ̀ pàápàá, a ṣì máa ń mú díẹ̀ lọ sí lábù láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ ra láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ tó bo ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, òkúta ṣóńṣó kan lè lu ú, tó bá kan ohun tó wà nínú, owó ńlá ni àtúnṣe ẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ di iyẹ̀pẹ̀ mú sí i lẹ́nu nígbà tẹ́ ẹ bá ń yìn ín o, X-ray ni.